Oògùn ìrora kí wọ́n tó gbé abẹ: ta ló ti bá a pàdé, kí sì ni kí n béèrè?

Àdùkẹ́_Lugbe | Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa l'Abuja àti ní gbogbo òkè Ọya. Ẹ kú ọyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì òní ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fibroid fún mi. Kì í ṣe abẹ náà ló ń já mi láyà, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń gbé ní Kano, wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì mi ní ilé ìwòsàn kan. Bí oògùn oorun ṣe dá lójú mi báyìí, àfi bíi pé wọ́n da ẹyín iná sí mi níkùn. Nọ́ọ̀sì ní kí n fara dà á, pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni abẹ́rẹ́ mi tó kàn. Aago kan òru la wà. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń ka pátákó òkè àjà. Méjìdínlógójì ni. Mo kà á, mo tún un kà, títí ilẹ̀ fi mọ́. Títí dòní, tí mo bá ti gbóòórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, ikùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Obìnrin kan tá a jọ máa ń lọ sípàdé àdúrà wá sọ fún mi pé nígbà tiẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ìrora kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá, pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó jẹ̀rora púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Oògùn ìrora fún ibi tí kò tíì dunni? Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé mo lè rà á lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì kí n ti lò ó láti ilé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ.

ÌyáÌbejì_Kubwa | Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Òótọ́ ni o, Àdùkẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti Kano yẹn, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, wọ́n kùn mí lóorun, wọn ò sì fún mi ní nǹkan kan fún ìrora àfìgbà tí mo jí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ti àwọn ìbejì, dókítà tó ń rí sí oorun wá bá mi ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ tó ṣáájú, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lòun máa gún fún mi, òun á sì fi morphine, oògùn ìrora líle, bíńtín kún un, pé bó ṣe kéré tó yẹn, ó lè gbé mi dé ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nọ́ọ̀sì fún mi ní paracetamol méjì pẹ̀lú omi ẹnu kan.

Ní aago méje alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti jókòó, Kẹ́yìndé wà láyà mi, ìyá mi ń fún mi ní tíì. Ó ń dùn mí o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ìrora tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ ni. Imú ló dà mí láàmú jù. Ó ń yún mi ṣáá bíi pé eèrà ń rìn níbẹ̀. Wọ́n ní morphine ló ń fà á, pé á lọ. Ó sì lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ ní kí dókítà oorun wá rí yín ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà lẹ ti máa kọ́kọ́ rí ojú ara yín.

Nọ́ọ̀sìTíátà | Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, apá Gwagwalada ni mò ń gbé. Àdùkẹ́, ìbéèrè tí ẹ bi ló dáa jù, oògùn ìrora fún ibi tí kò tíì dunni. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tá a jọ mọ̀ dáhùn.

Tí èèyàn bá fi ọwọ́ lásán gé ata rodo fún ìgbà pípẹ́, tó wá ti ọwọ́ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣé ẹ ti rí i bó ṣe máa ń jó o? Omi yẹn kò gbóná. Ata ló ti ta iṣan ìmọ̀lára inú awọ jí, ohun kékeré wá di ńlá lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ ṣe ń ṣe ara. Bí wọ́n ṣe ń gé awọ, tí wọ́n ń fa ẹran sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ń ránṣẹ́ láìdákẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, ìyẹn okùn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ. Oorun tí wọ́n kùn yín kò dá iṣẹ́ yẹn dúró. Ẹ̀yin lẹ sùn, mùdùnmúdùn yẹn ò sùn. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ga, tó fi jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bá máa jí, aṣọ lásán tó fara kan ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà á dà bí ọ̀bẹ.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ kí oògùn ti wà lára kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé. Ó rọrùn láti sé adìyẹ mọ́ ilé ju ká máa lé e kúrò lórí àgbàdo tó ti ń jẹ lọ.

Ti kẹ́mísìtì: ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ má ra nǹkan kan lò fúnra yín. Ẹni tó máa kùn yín lóorun gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Alàgbà_Mararaba | Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ṣé kì í ṣe àṣejù ni ká máa kó oògùn lé oògùn báyìí? Nígbà tiwa, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ìrora, ó sì tán. Abẹ kò ṣe kó má dunni. Ẹ̀rù kí oògùn má di bárakú síni lára ló ń bà mí.

Nọ́ọ̀sìTíátà | Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀rù tẹ́ ẹ sọ yẹn tọ́, a ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rí ní wọ́ọ̀dù nìyí. Ẹni tí ikùn ń ro burúkú kì í lè mí kanlẹ̀. Èémí òkè òkè ló máa ń mí, kì í lè wúkọ́ jáde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì pẹ́ tó máa di àrùn. Nínú ọyẹ́ yìí tí gbogbo ọ̀fun ń gbẹ, ó tún burú jù. Ẹni tí kò lè dìde rìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrora á tún gbé e sókè. Àwọn kan sì wà tí ojú ọgbẹ́ wọn ti jinná tán tí ìrora ò lọ, tó kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó sábà máa ń bọ́ sínú irú ìyẹn.

Ti bárakú, paracetamol kì í di bárakú, oògùn tí wọ́n gún sí ojú ọgbẹ́ kì í di bárakú. Tá a bá lo ìwọ̀nyẹn dáadáa, irú morphine tí aláìsàn máa nílò á dín kù gan-an.

Alàgbà_Mararaba | Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ó yé mi báyìí. Mo rántí pé ikọ́ dá mi dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ẹ ṣé é, ọmọ mi.

DókítàOorun_Zaria | Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ akunilóorun ni mò ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ti là á yé wa, àlàyé ata rodo yẹn ni mo máa máa lò báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó dájú àti ohun tí kò dájú.

Oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, George Crile ti ìlú Cleveland, ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 1913 pé oorun nìkan kò tó, pé kí wọ́n fi oògùn mú ibi tí wọ́n máa gé kú kí abẹ tó kàn án, kí ìpalára náà má baà dé ọpọlọ. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó gbilẹ̀. Ní 1983 ni Clifford Woolf, onímọ̀ nípa ìrora, fi hàn, lára eku, pé lẹ́yìn ìpalára, mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ máa ń yí padà tó sì ń sọ ìrora di púpọ̀. Ní 1988, Patrick Wall, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrora, kọ ọ́ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìtọ́jú ìrora ṣáájú abẹ. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń dán an wò káàkiri.

Mi ò ní bò ó mọ́ yín lójú. Àbájáde rẹ̀ kò dán tó bí wọ́n ṣe retí. Tí wọ́n bá fún àwọn kan ní oògùn ṣáájú abẹ, tí wọ́n fún àwọn míì ní oògùn kan náà lẹ́yìn abẹ, ìyàtọ̀ tó ń wà láàárín wọn máa ń kéré lọ́pọ̀ ìgbà. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2002 sọ pé kí oògùn kàn ṣáájú nìkan kò mú èrè púpọ̀ wá. Òmíràn tó jáde ní 2005 rí èrè rẹ̀ nínú mẹ́ta: abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí à ń pè ní epidural, oògùn tí wọ́n ń gún yí ibi tí wọ́n máa gé ká, àti irú oògùn bíi diclofenac, tó ń dín ìrora àti wíwú kù. Ti morphine àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni pé kí n má ṣe jẹ́ kí àlàfo wà. Kí oògùn ti wà níbẹ̀ kí abẹ tó kan ara, kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé, kó sì wà níbẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn láàárọ̀ tí wọ́n wá gbàgbé lálẹ́, ìrora ń bọ̀ wá bá a. Èkejì ni kí n má gbé gbogbo ẹrù lé oògùn kan lórí. Henrik Kehlet àti Dahl, àwọn dókítà ará Denmark, kọ̀wé lé èyí ní 1993: kí á pa oríṣi mélòó kan pọ̀, kékeré kékeré, kí olúkúlùkù mú ìrora níbi tiẹ̀, kí wàhálà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà má sì pọ̀.

Fún àgbàlagbà tí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti inú rẹ̀ dáa, ohun tí mo sábà máa ń ṣe nìyí: paracetamol mílígíráàmù 1000 ní nǹkan bíi wákàtí kan sí méjì ṣáájú, oògùn bíi diclofenac tó bá gbà á, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn níbi tó bá ti yẹ, kí oníṣẹ́ abẹ sì gún oògùn tó ń mú ara kú sí ojú ibi tó gé. Tó bá jẹ́ oorun gbogbo ara ni, mo lè fi ketamine, oògùn oorun tó tún ń dín ìrora kù, díẹ̀ kún un. Ẹ má fi èyí ṣe ìwé oògùn o. Ara yàtọ̀ sí ara.

Omi tí wọ́n fi ń gbé oògùn yẹn mì kì í ba ààwẹ̀ iṣẹ́ abẹ jẹ́, ìyẹn tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ lò ó. Oúnjẹ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti fi sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn, ó kéré tán. Omi lásán, wákàtí méjì. Tí ọsibítù yín bá ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Apòògùn_Nyanya | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Dókítà ti sọ ti ọsibítù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lórí káńtà.

Oṣù ọyẹ́ ni a wà, ọ̀fìnkìn ti mú ìdajì Abuja. Púpọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn tẹ́ ẹ ń rà, paracetamol ti wà nínú wọn. Ẹni tó lo ìyẹn, tó tún lo paracetamol fún orí fífọ́, tí wọ́n tún wá fà á sí i lára ní tíátà, kò ní mọ̀ pé òun ti kọjá ìwọ̀n. Mílígíráàmù 4000 ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24, ẹni tó rù tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kò sì gbọ́dọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, kì í sì tètè hàn.

Ibuprofen àti diclofenac: ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí ikọ́ fée tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti gbé dìde rí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í. Aláboyún tó ti wọ oṣù mẹ́ta ìparí kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n fúnra rẹ̀.

Aspirin: ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó láìmọ̀. Àwọn ẹ̀tù orí fífọ́ tí à ń dà sẹ́nu láti kékeré, aspirin ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, agbára rẹ̀ sì lè wà lára fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Àmọ́ ẹni tí dókítà fún ní aspirin nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kó lọ béèrè.

Tramadol tí àwọn ọmọ ń gbé kiri nínú páálí lọ́nà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni, ìwé dókítà ló yẹ kí wọ́n fi máa tà á. Tí ẹ bá gbé e mì kẹ́ ẹ tó lọ sí tíátà, tí dókítà wá fi tirẹ̀ kún un láìmọ̀, èémí lè dín.

Àgbo náà, ẹ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín.

BàbáKékeré_Kaduna | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ti ẹ̀tù yẹn ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an. Hẹ́níà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún bàbá mi. Èmi ni mo gbọ́ pé oògùn ìrora ṣáájú abẹ dára, èmi ni mo lọ ra ẹ̀tù, tí mo ń fún wọn ní ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Èrò mi ni pé mò ń tọ́jú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n béèrè, mo sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ká máa lọ sílé, ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá mi ti gbààwẹ̀ láti òru, wọ́n ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ti wá láti Ìlọrin. Wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn wò mí. Mo ṣì ń rí ìwo yẹn.

Nígbà tá a padà, wọ́n gún oògùn sí ìsàlẹ̀ ikùn wọn, nítòsí itan, ṣáájú abẹ, bàbá mi sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ọmọ_Samaru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́

Ohun kan tẹ́nì kan ò tíì sọ ni ọ̀rọ̀ ríra. Níbi tó pọ̀, ìwé oògùn ni wọ́n máa kọ fún yín kẹ́ ẹ lọ rà á. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi ní ilé ìwòsàn kan ní apá ibí yìí, oògùn oorun, òwú àti ìbọ̀wọ́ ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa láàárọ̀. Oògùn ìrora ti alẹ́ kò sí níbẹ̀. Aago mọ́kànlá òru ni wọ́n tó kọ ọ́. Ilé oògùn ọsibítù ti tì. Mo gun ọ̀kadà kiri nínú òtútù, mo kan ilẹ̀kùn mẹ́rin, ọ̀kan ló ṣí, kò sì ní i. Aago méjì kọjá kí n tó rí pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora náà, rà, àbúrò mi ti ké débi tí ohùn rẹ̀ há.

Tí wọ́n bá fún yín níwèé, ẹ kà á. Ẹ béèrè pé: "Èwo ni ti ìrora nínú èyí? Èwo ló máa gbé e di ọ̀la?" Kẹ́ ẹ rà á kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nọ́ọ̀sìTíátà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:26 alẹ́

Ọmọ_Samaru, ẹ ṣeun fún èyí. Ó dùn mí láti kà á, òótọ́ sì ni. Kẹ́ ẹ tún béèrè bóyá wákàtí ló máa pinnu oògùn náà àbí ìgbà tí aláìsàn bá ké. Ti wákàtí ló dáa.

Àbẹ̀ní_SS_Jos | Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀

Èmi jẹ́ fòníkúfọ̀ladìde. Òtútù Jos nínú ọyẹ́ ni ọ̀tá mi, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún mi, nígbà tí mo sì sọ irú abẹ́rẹ́ tó máa ń ràn mí lọ́wọ́, ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù wò mí bí ẹni tó ti di ẹrú oògùn. Ilé ìwòsàn wo ni kò ṣe pàtàkì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ikùn.

Ẹ̀yin SS bíi tèmi, kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ní kí dókítà ẹ̀jẹ̀ yín kọ ọ́ sínú ìwé: oògùn wo, ìwọ̀n wo, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn. Ara tó ti mọ oògùn líle máa ń nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá mọ̀ ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ sọ ti kíndìnrín náà, torí diclofenac kì í ṣe fún gbogbo wa. Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dání, ẹ sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi gbẹ lára yín nínú ààwẹ̀ náà.

ÌyáAbdul_Kano | Ọjọ́rú, 2:50 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ti ọmọdé ńkọ́? Ọmọ mi jẹ́ ọdún mẹ́rin, kílò 16, hẹ́níà ni. Àwọn kan ní ọmọdé kì í mọ ìrora.

DókítàOorun_Zaria | Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ìyá Abdul, ọmọdé mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọn ò kàn lẹ́nu láti sọ ọ́ ni.

Fún hẹ́níà ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ó bá ti sùn, a lè gún abẹ́rẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ìdí. Á mú ibi tí wọ́n ń gé kú fún wákàtí mélòó kan, tó fi jẹ́ pé á jí láìké. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣe é níbẹ̀. Tí wọn ò bá ń ṣe é, kí oníṣẹ́ abẹ gún oògùn sí ojú ibẹ̀.

Paracetamol ọmọdé, mílígíráàmù 15 fún kílò kan ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Kílò 16 á jẹ́ 240. Tí ara ìgò oògùn olómi náà bá kọ 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 10 nìyẹn, kì í sì í kọjá ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ wo ara ìgò, torí wọn kì í lágbára bákan náà. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àwọn ni kó sọ bóyá kẹ́ ẹ fún un. Aspirin, codeine, tramadol, kò sí èyí tó wà fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

ÌyáÌbejì_Kubwa | Ọjọ́bọ̀, 7:12 àárọ̀

Mo gbàgbé ohun kékeré kan, Àdùkẹ́. Gbé ìrọ̀rí kékeré dání, èyí tó le díẹ̀. Tí ikọ́ bá fẹ́ mú ọ, gbá a mọ́ ikùn, tẹ̀ ẹ́, kó o tó wúkọ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan bá ọ di ojú ọgbẹ́ mú. Nínú ọyẹ́ yìí, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àdùkẹ́_Lugbe | Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará wa, láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ èyí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣe é.

Mo tẹ̀ lé ohun tí ẹ sọ. Mo ní kí dókítà oorun wá rí mi, ó sì wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo sọ ti Kano fún un, mo sọ ti pátákó òkè àjà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè ọgbẹ́ inú, mo ní mo ti ní in rí, ni ó bá fagi lé diclofenac lójú mi. Ǹ bá má rántí sọ ọ́ ká ní Apòògùn_Nyanya kò kọ ọ́ síbí. Mo béèrè èwo ni ti alẹ́ nínú ìwé oògùn, ọkọ mi sì lọ rà á lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n fún mi ní paracetamol 1000 láàárọ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú morphine díẹ̀ ní tíátà, oníṣẹ́ abẹ sì gún oògùn yí ojú ibẹ̀ ká kó tó rán an. Nọ́ọ̀sì ń wá wo èémí mi ní wákàtí wákàtí lóru, ó máa ń ní kí n fún ìrora mi ní máàkì, òdo sí mẹ́wàá. Alẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta ni mo fún un. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, imú mi yún mi gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí.

Ọ̀sán àná ló le. Morphine ti lọ, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó fa paracetamol aago méjìlá. Ó dé mẹ́fà. Ọkọ mi lọ rán wọn létí, wọ́n fà á, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan kún un, ó padà sí mẹ́ta kí ìrun àṣáálẹ̀ tó dé. Mo ti rìn dé ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ìrọ̀rí náà wà lápá mi.

Tó bá di ọ̀túnla, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ọkọ mi ti lọ ra oògùn tí màá máa lò níbẹ̀, kí ilé oògùn tó tì.